Ọjọ́ Méje ní Salvador

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ṣètò ìrìn àjò ni pé wọ́n á wá orúkọ àwọn ibi tó gbajúmọ̀, wọ́n á tò ó sínú ìwé, wọ́n á sì máa fàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ti ń débẹ̀. Ní Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní etí òkun Bùràsílì, irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn rí ohun tó wá rí. Ìlú tó ní ọjọ́ ni Salvador. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun, ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń fi gúgúrú ra ara níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ kan wà tí ìlù ń dún nínú Máàsì, ọjọ́ kan sì wà tí òórùn epo pupa ń jáde láti ilé oúnjẹ gbogbo. Ẹni tó bá dé ibi tó dára lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, ògiri ló máa rí. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ kan péré láti lò níbẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ to ọjọ́, kó tó to ibi.

Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ní orísun. Àwọn Potogí tẹ Salvador dó ní 1549, Tomé de Sousa ló ṣáájú wọn, ìlú náà ló sì jẹ́ olú ìlú Bùràsílì títí di 1763 tí wọ́n gbé ipò náà lọ sí Rio de Janeiro. Fún bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni ọkọ̀ ẹrú fi ń gúnlẹ̀ sí èbúté rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń túká, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ jẹ́ ará Ọ̀yọ́, ará Kétu, Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀gbá. Nagô ni wọ́n ń pe gbogbo wọn pọ̀. Nílé, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ òrìṣà ń yí. Ní Bahia, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bá, ni wọ́n bá pín àwọn òrìṣà sí i: ọjọ́ Ajé fún Èṣù àti Ọmọlú, Ìṣẹ́gun fún Ògún, Ọjọ́rú fún Ṣàngó àti Ọya, Ọjọ́bọ̀ fún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ẹtì fún Ọbàtálá tí wọ́n ń pè ní Oxalá, Àbámẹ́ta fún Yemọja àti Ọ̀ṣun. Ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti gbogbo wọn. Ilé òrìṣà kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí òmíràn, ṣùgbọ́n ètò tó gbilẹ̀ nìyẹn. Ìdáná tẹ̀ lé e, aṣọ tẹ̀ lé e, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan pàápàá tẹ̀ lé e.

Kí a tó dé orí ọjọ́, ẹ jẹ́ kí a yanjú ìgbà. Òjò wọn pọ̀ láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje; ẹni tó bá lọ nígbà náà á máa wo òkun láti ojú fèrèsé. Oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì ni ooru mú jù, ìgbà náà sì ni ayẹyẹ pọ̀ jù. Ní Ọjọ́bọ̀ kan láàárín oṣù Kìn-ín-ní, ọ̀pọ̀ èrò a fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 8 láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia lọ sí ti Bonfim, àwọn obìnrin tó wọ funfun á sì da omi olóòórùn dídùn sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà láti fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì, àwọn apẹja Rio Vermelho á gbé apẹ̀rẹ̀ òdòdó, dígí àti lọ́fínńdà lọ fún Yemọja lójú omi. Kànífà á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ rí èrò àti ìlù, kó lọ nígbà náà, kó sì mọ̀ pé owó ilé á lọ sókè, pé àyè á sì ṣọ̀wọ́n.

Èmi fẹ́ràn ìparí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá. Òjò ti dínkù, ìlú sì ti rọlẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìbejì, tí Bahia ń ṣe bí ọdún Ìbejì gan-an. Ilá ni wọ́n ń sè lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ débi tó fi ń gba gbogbo ilé láti ṣe é, wọ́n á fi edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú àti epo pupa sè é, caruru ni wọ́n ń pè é. Kí àgbàlagbà kankan tó fọwọ́ kàn án, ọmọdé méje á jókòó sílẹ̀ yí agbada kan ká, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bù fún àlejò: caruru, ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹran adìẹ, dòdò, gúgúrú, ìrèké, gbogbo rẹ̀ nínú abọ́ kan. Bí ẹni tí ẹ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ní kí ẹ wá jẹ caruru nílé ẹ̀gbọ́n òun lóṣù náà, ẹ wọ́gi lé ohun yòówù tí ẹ ti là sílẹ̀, kí ẹ lọ.

Ìwé àti ọkọ̀ kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ Nàìjíríà nílò físà, ilé iṣẹ́ aṣojú Bùràsílì wà ní Àbújá, ọ́fíìsì rẹ̀ mìíràn sì wà ní Èkó. Ẹ má fi sílẹ̀ di oṣù tí ẹ ń lọ. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí a mọ̀ sí yellow card. Láti Èkó, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ni ti Addis Ababa sí São Paulo, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ abẹ́lé tó ń lo bíi wákàtí méjì àbọ̀ dé Salvador. Fún àwọn èèyàn wa tó wà ní London, ti Lisbon ló yá jù, nítorí ọkọ̀ TAP ń fò láti ibẹ̀ tààrà sí Salvador. Wákàtí mẹ́rin ni aago wọn fi wà lẹ́yìn ti Èkó. Owó wọn ni real; káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n owó wẹ́wẹ́ dára fún ọjà. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, àwọn tó sì gbọ́ èdè Òyìnbó láàárín wọn kò pọ̀. Ẹ kọ́ ìkíni, ẹ kọ́ iye owó, ẹ kọ́ “ẹ ṣé.” Àwọn ará Bahia ń kí èèyàn bí àwa náà ṣe ń kí èèyàn, ẹni tí kò kí wọn kó tó béèrè ọ̀rọ̀ kì í rí ìdáhùn gidi.

Ibi tí ẹ ó wọ̀ sí ṣe pàtàkì ju bí hòtẹ́ẹ̀lì náà ṣe rí lọ. Barra wà létí òkun, ó rọrùn láti rìn. Rio Vermelho ni ilé oúnjẹ àti fàájì alẹ́ pọ̀ sí. Santo Antônio Além do Carmo wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgboro àtijọ́, àwọn ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà, ìdákẹ́jẹ́ sì wà níbẹ̀; èyí ni mo yàn láàyò fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó sùn sí àárín Pelourinho, ariwo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀: ọ̀nà ńlá ni kí ẹ máa gbà, ẹ má di fóònù mú lọ́wọ́ lójú títì, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, táásì ni kí ẹ wọ̀, bó ti wù kí ibi náà súnmọ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ ó dé jẹ́ Àbámẹ́ta. Pápákọ̀ òfurufú jìnnà sí ìgboro tó kìlómítà 28, igbó ọparun ló sì bo ọ̀nà tó jáde láti ibẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí orí wọn pàdé lókè bí òrùlé. Ẹ gbé ẹrù sílẹ̀, ẹ wẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ti ń rọ̀, ẹ lọ sí Rio Vermelho lọ jẹ àkàrà.

Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà wa ni, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà sí i níbẹ̀. Obìnrin tó ń dín in ni baiana: síkẹ́ẹ̀tì funfun gbígbòòrò, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ òrìṣà tó ni ín fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Erèé ló rẹ, ló bó, ló lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀. Ẹ dúró kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Á ki ṣíbí igi gígùn bọ inú ìkòkò, á máa po erèé lílọ̀ náà láìdúró, títí yóò fi wú tí yóò sì fúyẹ́. Nínú epo pupa tó ń hó, ẹ ó rí odidi àlùbọ́sà kan tó ń yí kiri. Ó wà níbẹ̀ kí epo má bàa jó. Á fi ṣíbí bu èyí tó tó ìkúùkù, á fi ṣíbí kejì tún un mọ, á rọra jẹ́ kó bọ́ sínú epo. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá pọ́n, á yí i. Nígbà tó bá jinná, á fi ọ̀bẹ là á láàárín láì gé e já, á sì wo ojú yín: “Quente?” Ata ló ń béèrè o. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ata tí wọ́n ti fi epo àti edé dín ló máa kọ́kọ́ fi ra inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni vatapá, ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, kajú, omi àgbọn àti epo sè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni caruru. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tòmátò gígé. Paríparì rẹ̀ ni edé gbígbẹ tó tóbi, tí èèpo rẹ̀ ń pariwo lẹ́nu.

Oúnjẹ Ọya ni acarajé. Láyé ẹrú, àwọn obìnrin ń gbé e lórí kiri ìgboro lálẹ́, olówó wọn á gba tirẹ̀ nínú èrè, àwọn míì sì fi ohun tó kù ra ara wọn padà. Iṣẹ́ yẹn ló di ohun tí IPHAN, àjọ tó ń dáàbò bo ogún àṣà Bùràsílì, fi orúkọ sílẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè. Lónìí, àwọn ọmọlẹ́yìn ìjọ tuntun kan ń tà á láì wọ aṣọ funfun, wọ́n ń pè é ní “àkàrà Jésù.” Kálukú ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbàgbọ́ rẹ̀, èmi kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń tà. Ṣùgbọ́n owó tèmi, ọ̀dọ̀ ẹni tó di gèlè náà mú títí ló ń lọ. Ní Largo de Santana ní Rio Vermelho, àtẹ Dinha ni wọ́n ń tò sí. Ní Largo da Mariquita, àtẹ Cira. Àwọn ìyá méjèèjì ti di olóògbé, àwọn ọmọ wọn ló ń dín in báyìí. Ẹni tí epo pọ̀ jù fún, kó béèrè abará: erèé kan náà, epo àti edé nínú rẹ̀, tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì sè. Ẹni tó dàgbà sí ìdí ọ̀ọ̀lẹ̀ kò nílò àlàyé. Ẹni tí edé, ẹ̀pà tàbí kajú kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oúnjẹ ìbílẹ̀ Bahia kan tí kò ní ọ̀kan nínú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ẹ sinmi sí Barra. Salvador jókòó sórí ilẹ̀ tó yọ sínú omi, òkun ńlá wà lápá kan, ọ̀sà Todos os Santos wà lápá kejì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bó tilẹ̀ jẹ́ etíkun ìlà oòrùn Bùràsílì ni ìlú náà wà, èèyàn lè jókòó sí Porto da Barra kí ó sì wo oòrùn bó ṣe ń wọ̀ sínú omi. Omi ibẹ̀ kì í ru, ọmọdé lè wẹ̀ níbẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ jẹ moqueca. Ìkòkò amọ̀ dúdú ni wọ́n á gbé e wá, á ṣì máa hó lórí tábìlì: ẹja tútù, àlùbọ́sà, tòmátò, tàtàṣé, ewé coriander, omi àgbọn, epo pupa. Wọn kì í sáábà bu omi sí i, omi ara ẹja àti ti tòmátò ló ń sè é. Ìrẹsì máa ń bá a wá, pẹ̀lú farofa, gàrí tí wọ́n fi epo yan, àti pirão, gàrí tí wọ́n fi omi ẹja rò bí ẹ̀bà tó rọ̀. Ìkòkò kan sábà máa ń tó ẹni méjì, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ pé kí wọ́n gbé méjì wá. Ìdá mẹ́wàá owó oúnjẹ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé owó jẹ́ ti àwọn agbáwo.

Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ni wọ́n ń tì lọ́jọ́ Ajé, àwọn àlejò a sì máa sọ pé ọjọ́ náà ṣòfò. Ọjọ́ ọjà ni kí ẹ fi ṣe. Feira de São Joaquim wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, létí omi gan-an. Ó dìde síbẹ̀ lẹ́yìn tí iná jó ọjà Água de Meninos ní 1964. Kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ilẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù, ọ̀nà inú rẹ̀ há. Edé gbígbẹ wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì, láti kékeré bí èékánná ọmọdé dé ńlá. Epo pupa wà nínú ìgò, èyí tó mọ́ lókè, èyí tó dì nísàlẹ̀. Bí ẹ bá yà sí ọ̀nà àwọn tó ń ta ohun òrìṣà, ara yín á yá: obì, orógbó, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní sabão da costa, ìko tí wọ́n ń fi ṣe aṣọ Ọmọlú. “Costa” tí wọ́n ń sọ ni etíkun ilẹ̀ wa. Ẹ kí àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹ ra nǹkan kékeré kí ẹ tó béèrè fún fọ́tò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan náà, ẹ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì São Lázaro ní Federação. Níta rẹ̀, àwọn ọlọ́mọlú ń dúró pẹ̀lú agbọ̀n gúgúrú. Ẹni tó ń wá ìlera á dúró níwájú wọn, wọ́n á fi gúgúrú náà ra á láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á máa gbàdúrà, gúgúrú á sì máa já bọ́ sílẹ̀ funfun báláú. Lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú wọn á wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ gbàdúrà. Ẹ má dá sí i bí kò bá ti ọkàn yín wá. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Pelourinho, kì í ṣe ọjọ́ mìíràn. Ìgboro àtijọ́ yìí ni UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 1985: ilé alájà méjì mẹ́ta tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, búlúù, pupa rẹ́súrẹ́sú, òkúta lójú títì. Àwọ̀ ilé kò gbọ́dọ̀ mú wa gbàgbé ohun tí orúkọ ibẹ̀ jẹ́: òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án ní gbangba ni pelourinho. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ dúró díẹ̀ kó rántí ìyẹn kó tó yọ fóònù jáde.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ní Terreiro de Jesus. Inú ilé tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà tẹ́lẹ̀ ni Museu Afro-Brasileiro wà, ti yunifásítì Bahia, iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà Carybé sì wà níbẹ̀: àwọn òrìṣà tí ó gbẹ́ sára pákó igi ńláńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju èèyàn lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco tí wọ́n fi wúrà bo inú rẹ̀. Apá kan àjà rẹ̀ já lulẹ̀ ní oṣù Kejì 2025, ó pa àlejò kan, wọ́n sì tì í; ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Fún oúnjẹ ọ̀sán, ilé ẹ̀kọ́ alásè SENAC ní Largo do Pelourinho ń to oríṣiríṣi oúnjẹ Bahia sílẹ̀, ẹ ó sì bu èyí tó wù yín. Ibẹ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò kó tó mọ èyí tí yóò lépa. Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni Casa do Benin, tí ayàwòrán ilé Lina Bo Bardi tún ilé rẹ̀ ṣe, tó sì ṣí ní 1988; ohun tí Pierre Verger kó jọ láti apá ọ̀dọ̀ wa ló pọ̀ nínú rẹ̀. Verger, ará Faransé ayàwòrán, dé Salvador ní 1946, ó sì tẹ Ifá ní Kétu, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ ní Fátúnmbí.

Lẹ́yìn náà, ní bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Nossa Senhora do Rosário dos Pretos, èyí tó jẹ́ búlúù ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ọ, ẹrú àti olómìnira, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Wọn kò ní àyè lójúmọmọ, ìgbà tí iṣẹ́ olówó wọn bá parí ni wọ́n ń fi kọ́lé Ọlọ́run, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Máàsì ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun wọn jẹ́ Máàsì Kátólíìkì pátápátá, ṣùgbọ́n ìlù ló gbé e. Nígbà tó bá kan ọrẹ, àwọn obìnrin á gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì sórí, wọ́n á jó wá láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, wọ́n á sì pín in fún èèyàn. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, ẹ má ya fọ́tò nígbà ìsìn. Bí ẹ bá jáde, ìlú á ti kún ìta, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí ọjọ́ Ìbùkún ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́rú jẹ́ ti Ṣàngó, èyí sì mú wa dé ọ̀rọ̀ ilé òrìṣà, níbi tí àlejò ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Casa Branca ní ọ̀nà Vasco da Gama ni wọ́n kà sí ìyá fún púpọ̀ nínú wọn. Láti inú rẹ̀ ni Gantois ti yọ, níbi tí Ìyá Menininha ti jẹ́ ìyálórìṣà títí tó fi kú ní 1986, àti Ilê Axé Opô Afonjá tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910 fún Ṣàngó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ran Ìyá Aninha lọ́wọ́ ni Martiniano do Bonfim, ọmọ àwọn ará ilẹ̀ wa tí a bí sí Bahia ní 1859, tí bàbá rẹ̀ rán padà sí Èkó lọ kàwé, tó sì kọ́ Ifá kó tó padà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú ọgbà Opô Afonjá, mùsíọ́mù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Oúnjẹ Ṣàngó tí wọ́n ń sè lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń pè ní amalá. Ilá ni wọ́n fi ń se é, kì í ṣe èlùbọ́.

Ẹ má gbára lé ẹni tó bá ní òun á mú yín lọ wo “ijó òrìṣà” fún owó. Ẹ pe ilé náà tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ bá ẹni tó mọ̀ wọ́n lọ. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń ṣe ọdún, àwọn oṣù kan sì wà tí wọ́n kì í ṣe rárá. Aṣọ funfun tàbí èyí tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, tó bo orúnkún. Níbi púpọ̀, ọkùnrin ń jókòó sí apá kan, obìnrin sí apá kejì. Ẹ má ya fọ́tò. Àwọn míì nínú wa tí wọ́n jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí lè má fẹ́ wọlé rárá, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mùsùlùmí tó bá wá ní ìtàn tirẹ̀ náà ní ìlú yìí: òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní 1835 ni àwọn ìmàle, tí púpọ̀ wọn jẹ́ Nagô, dìde ní ìgboro Salvador láti gba òmìnira. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọ ọkọ̀ padà wá sí etíkun wa, àwọn àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni a mọ̀ sí Àgùdà ní Èkó, Porto-Novo àti Whydah.

Ọjọ́bọ̀, ẹ bọ́ sórí omi. Ẹ wọ lífìtì Lacerda, tó ń gbé èèyàn láti òkè ìlú sí ìsàlẹ̀ ìlú láti 1873, ó ga ju mítà 60 lọ, kò sì lò tó ìṣẹ́jú kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni èbúté tí ọkọ̀ kékeré ti ń lọ sí Mar Grande ní erékùṣù Itaparica, kò tó wákàtí kan. Erékùṣù náà ni ilé Egúngún wà, ní Ponta de Areia. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí àlejò ń yà lọ wò. Ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí ẹ jẹ ẹja díndín létí omi, kí ẹ padà kí ọkọ̀ ìkẹyìn tó lọ.

Bí mo bá gbọ́dọ̀ yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọ̀sẹ̀ yìí, kò ní jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Láti òwúrọ̀ ni funfun ti ń bo ìlú: àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ọmọ iléèwé, dókítà. Ti Oxalá ni, àti ẹni tó ń bọ ọ́ àti ẹni tí kò bọ ọ́ ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ wọ funfun, kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim lórí òkè kékeré rẹ̀, níbi tí Olúwa Bonfim ti di ojú kan pẹ̀lú Oxalá lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ríbọ́nù aláwọ̀ mèremère ló bo gbogbo irin ọgbà rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Wọ́n á so ọ̀kan mọ́ yín lọ́wọ́ pẹ̀lú kókó mẹ́ta, ẹ ó tọrọ ohun mẹ́ta, ẹ kò gbọ́dọ̀ já a, ó gbọ́dọ̀ gbó já fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń tà á á lé yín kiri. Ẹ ra díẹ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ wọ yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ẹsẹ̀, ọwọ́, orí tí wọ́n fi ìda mọ ń rọ̀ láti àjà, fọ́tò àwọn tó rí ìwòsàn bo ògiri. Níbẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ìlú náà ti hàn kedere ju inú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni oúnjẹ elépo pọ̀ jù ní gbogbo Salvador. Ní àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń wọn abọ́ lórí òṣùwọ̀n, tí owó sì ń lọ pẹ̀lú bó ṣe wúwo tó, ẹ ó rí moqueca, vatapá, caruru, xinxim adìẹ, ẹ̀wà elépo, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ Ọbàtálá á béèrè pé báwo ni ọjọ́ òrìṣà tí kì í jẹ epo ṣe di ọjọ́ epo. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí wọ́n má jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì, ẹja àti edé ló kù, epo ni wọ́n sì fi ń sè wọ́n. Àwọn ọmọ Oxalá ní tiwọn kì í fẹnu kàn án lọ́jọ́ náà, oúnjẹ funfun ni wọ́n ń jẹ. Bí ẹ bá lọ nígbà Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ ó tún rí ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi omi àgbọn sè, feijão de leite. Àwọn Àgùdà Èkó tó ń jẹ fíréjọ̀n lọ́jọ́ náà ní Pópó Àgùdà kò ní béèrè ohun tó jẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ribeira, kò jìnnà sí Bonfim, lọ lá áísìkirìmù ní Sorveteria da Ribeira tó ti wà láti 1931. Èso ibẹ̀ ni kí ẹ mú: mangaba, cajá, umbu. Ẹ má lọ sí ìdí ti ṣokoléètì, ẹ ó rí ìyẹn níbòmíràn.

Ẹni tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí àárín oṣù Kẹjọ nìkan ni mo lè sọ fún pé kó yọ ọjọ́ kan fún Cachoeira, ìlú tó wà ní kìlómítà bíi 110 sí Salvador, nítorí ìgbà náà ni àwọn ìyá ẹgbẹ́ Boa Morte, obìnrin aláwọ̀ dúdú nìkan, ń ṣe ọdún wọn. Ní ìgbà mìíràn, ó dára kí a fi í sílẹ̀ fún ìrìn àjò tó ń bọ̀ ju kí a sáré lọ sáré bọ̀.

Àbámẹ́ta tí ẹ ń padà, bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti alẹ́, ẹ kọ́kọ́ yà sí Dique do Tororó, adágún omi tí ère àwọn òrìṣà tí Tatti Moreno ṣe dúró sí lójú omi, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni fẹ́ jó. Lẹ́yìn náà, Itapuã wà ní ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, àwọn ìyá àkàrà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìdílé Cira sì ní àtẹ kan níbẹ̀. Edé gbígbẹ àti epo tí ẹ rà ní São Joaquim, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bóyá wọ́n gbà á kí ẹ tó dì í sínú ẹrù. Ti abará kò ní wàhálà: méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi vatapá sí i, kí ẹ jẹ ẹ́ tán lórí ìjókòó Itapuã náà kí táásì tó dé.